Ìtàn Tí Ó Wà Nínú Ìkòkò Ilá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Ọ̀rọ̀ náà fi hàn pé láyé àtijọ́, ẹnu àwọn tí ń jẹun ni ìwé tí alásè ń kà. Kò sí ẹni tí ó kọ ìlànà ọbẹ̀ sílẹ̀. Ọmọbìnrin a jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ààrò, a máa wo ọwọ́ rẹ̀, títí iṣẹ́ náà yóò fi mọ́ ọn lára. Bí ẹni tí à ń wò lọ́wọ́ bá wá jìnnà sí wa ńkọ́, tàbí bí ó bá ti papò dà?

Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi dé ìdí ààrò. Mo fẹ́ se ọbẹ̀ ilá kan tí kò la ariwo lọ fún oúnjẹ alẹ́, èyí tí kò lẹ́ran, tí kò ní pọ̀ǹmọ́, irú èyí tí a jẹ dàgbà. Mo bi àwọn tí mo gbójú lé léèrè, oníkálùkù sì sọ tirẹ̀ fún mi. Mo pinnu láti dán an wò ní alẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìyá àgbà kan, ará Òkè-Ògùn, ni ó kọ́kọ́ kọ́ mi. Ọbẹ̀ orúnlá ni tirẹ̀: ilá tí a rẹ́, tí a sá sóòrùn, tí a sì gún kúnná de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilá tútù bá wọ́n. Ó ní kí n gbé omi kaná, kí n fi irú, iyọ̀ àti “káún díẹ̀” sí i. Bí ó bá hó, kí n máa da orúnlá lé e, kí n sì máa fi ìjábẹ̀ já a kí ó má baà dì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣe bí ó ti wí. Ọbẹ̀ náà yọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó korò, ó sì ń dùn lẹ́nu bí ọṣẹ. “Díẹ̀” tèmi kì í ṣe “díẹ̀” ti ìyá.

Síbẹ̀, kí òǹkàwé kíyè sí ohun tí kò sí nínú ìkòkò náà. Ata kò sí níbẹ̀, tòmátò kò sí níbẹ̀. Ata wẹ́wẹ́, ata rodo, tàtàṣé àti tòmátò, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá. Ẹ̀yìn ọdún 1492, tí Columbus ti ilẹ̀ Yúróòpù dé ọ̀hún, ni ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn kiri ayé, àwọn àti àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀pà. Àwọn tí ó gbé ayé ṣáájú ìgbà náà ní iyèré, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rù, wọ́n sì ní atare. Wọ́n ní epo pupa, wọ́n ní iṣu àti ẹ̀wà, wọ́n sì ní igi igbá tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú. Ebi ata kò pa wọ́n, nítorí ohun tí ojú kò rí ni ọ̀fun kò bèèrè.

Ní alẹ́ kejì, aládùúgbò mi kan tí ó dàgbà sí Èkó ni mo tẹ̀ lé. Ilá alásèpọ̀ ni: ilá tútù, ata rodo, àlùbọ́sà, edé, epo pupa, àti Maggi méjì. Ó dùn, n kò ní purọ́. Ó búra fún mi pé bí àwọn baba ńlá wa ti ń sè é nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ata rodo tí ó fi ń búra, àlejò ni. Ní ti Maggi, ọdún 1908 ni ilé iṣẹ́ Julius Maggi ní orílẹ̀-èdè Switzerland gbé kóró rẹ̀ jáde. N kò bínú sí ata: ó dé, ó sì di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n mo bínú sí kóró yìí, nítorí kò wá bá irú gbé. Ó lé e jáde ni. Ẹni tí ń ṣe irú ní láti se èso igbá pẹ́ títí, kí ó bó o, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó tún dì í fún ọjọ́ bíi méjì kí ó tó kàn. Bí ọmọ kò bá rí i kí ìyá ṣe é, ta ni yóò ṣe é lọ́la?

Alẹ́ kẹta gbé mi kọjá òkun. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ni ogun kó, tí a sì tà sí Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl àti sí Kúbà. Wọn kò rí ìkòkò gbé dání, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọwọ́ tí ń se ọbẹ̀. Títí di òní, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, àwọn ará Bahia a máa se ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń pè ní caruru fún Cosme àti Damião, ìbejì ẹni mímọ́ tí wọ́n fi bo Ìbejì tiwa lórí. Ọmọdé méje ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kó àwọn ọmọdé jọ jẹ ẹ̀wà ìbejì níhìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó gbé ibẹ̀ ni ó fún mi ní ìlànà rẹ̀: ilá wẹ́wẹ́, epo pupa, edé, àlùbọ́sà, pẹ̀lú ẹ̀pà àti kajú tí a yan tí a sì lọ̀. Mo rò pé ẹ̀pà yóò ba ilá jẹ́. Kò bà á jẹ́ rárá. Ó mú un ki ni. Mo wá irú nínú rẹ̀, n kò rí i.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn olórìṣà Bràsíl ń fi ilá bọ Ṣàngó, wọ́n sì ń pe ọbẹ̀ ilá náà gan-an ní amalá! Òkèlè ti lọ, orúkọ rẹ̀ bọ́ sórí ọbẹ̀. Ní Kúbà ẹ̀wẹ̀, òkèlè ṣì ń jẹ́ amalá, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n fi ń rò ó, wọ́n sì ń pe ilá ní quimbombó, orúkọ tí kì í ṣe tiwa, ọ̀dọ̀ àwọn ará Kóńgò àti Àǹgólà ni ó ti wá. Oúnjẹ Ṣàngó, orúkọ elédè mìíràn. Ẹni tí ó bá ní òun ni òun ni ọbẹ̀ ilá, kí ó rọra.

Ní ọdún 1928 ni ìwé Manuel Querino lórí oúnjẹ Bahia jáde, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú ní 1923. Caruru wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni efó, èyí tí í ṣe ẹ̀fọ́ wa. Ní 1934, ìwé ìdáná Yorùbá tí J. A. Mars àti E. M. Tooleyo ṣe, The Kudeti Book of Yoruba Cookery, jáde. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Kúdẹtì, Ìbàdàn, ni ó fi orúkọ rẹ̀ jẹ́. Láàárín ọdún mẹ́fà péré, etí òkun méjèèjì gbé ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá sórí tákàdá. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ ọbẹ̀ sílẹ̀ ní láti wá ìdáhùn sí ohun tí ó ṣẹ́gun mi ní alẹ́ àkọ́kọ́: báwo ni “díẹ̀” ṣe pọ̀ tó?

Nítorí náà ni mo ṣe padà lọ sí Òkè-Ògùn, pẹ̀lú ṣíbí kékeré kan nínú àpò mi. Mo bẹ ìyá pé kí ó jọ̀wọ́ da káún rẹ̀ sínú ṣíbí mi kí ó tó dà á sínú ìkòkò. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dà á; ṣíbí náà kún. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka tọ́ ọ wò. Ó ní, “Káún yìí mà le ju ti ọjọ́sí lọ,” ó sì da ìdajì padà sínú ike. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ìdajì ṣíbí. Mo tún kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.