Ó Dé Àṣíborí Sùn

Inú ìwé àwòrán ńlá kan nílé ìkàwé ni mo ti rí i. Mo fi han ẹni tá a jọ ń gbé yàrá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìfẹ́ rèé!" Mo ní kó tún un wò.

Max Beckmann, ọmọ Jámánì, ló yà á lọ́dún 1943. Expressionist làwọn òpìtàn ń pè é, orúkọ tóun fúnra ẹ̀ ò fẹ́ràn. Odysseus àti Calypso ló yà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ka Homer á rántí: lẹ́yìn ogun Troy, òkun gbé Odysseus dé erékùṣù òrìṣà obìnrin yìí, ó sì dá a dúró fọ́dún méje. Ó ní tó bá dúró, kò ní kú láé. Odysseus kọ̀. Etí òkun ló máa ń jókòó sí, tá máa sunkún ilé.

Ẹkún yẹn dà lọ́wọ́ Beckmann? Kò sí. Odysseus nà gbalaja, Calypso fara tì í. Ológbò wà níbẹ̀, ejò àti ẹyẹ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo orí ọkùnrin náà: àṣíborí ogun ò tíì kúrò níbẹ̀! Irin ogun ṣì wà lójúgun ẹ̀. Ojú ẹ̀ ò sì sí lára obìnrin yẹn rárá.

Àbí ta ló ń dé àṣíborí sùn?

Lọ́dún 1933 ni ìjọba Hitler gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ Beckmann ní Frankfurt. Wọ́n kó iṣẹ́ ẹ̀ tó lé ní 500 kúrò láwọn mùsíọ́ọ̀mù. Ní July 1937, wọ́n gbé díẹ̀ nínú ẹ̀ kọ́ sí Munich káráyé lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Oṣù yẹn náà lòun àti Quappi ìyàwó ẹ̀ sá lọ sí Amsterdam. Ó fẹ́ kọjá sí Amẹ́ríkà, kò ríbi gbà. Nígbà tó di May 1940, àwọn ṣọ́jà Jámánì bá a débẹ̀. Àárín wọn ló wà tó fi ya àwòrán yìí.

Lójú tèmi, ìdí nìyẹn tí ò fi yà á pé ó ń sunkún. Ní Ithaca, aya àti ọmọ ń retí Odysseus. Àwọn tó lé Beckmann ló ń ṣe ìjọba nílé tiẹ̀. Ṣé kó wá sunkún pé wọ́n lé òun ni, àbí pé kí wọ́n gba òun padà?

Lọ́dún 1947 ló tó rí Amẹ́ríkà wọ̀. Ó kú ní New York ní 27 December 1950, kò padà sí Jámánì. Hamburg ni àwòrán náà wà báyìí.

Ẹnìkejì mi wò ó títí. Ó ní, "Kí ló wá ń wò?" Mo ní kó bá mi wá a. A ò rí i nínú àwòrán náà.