Ìwúlò Ìwé Ẹ̀sìn àti Ìwé Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí a bá kó owó díẹ̀ fún olùkọ́ pé kí ó fi ra ìwé sí yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ kì í ṣe kékeré. Ìwé tí ó bá rà ni àwọn ọmọ yóò máa kà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tí kò bá rà, àwọn mìíràn nínú wọn lè má fojú kàn án láéláé. Oríṣi ìwé méjì ni ó ṣòro jù láti yàn. Èkíní ni ìwé ẹ̀sìn, tí ó pọ̀ lọ jàra. Èkejì ni ìwé tí ń kọ́ ni bí a ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, èyíinì ni àwọn àṣẹ tí a tò lẹ́sẹẹsẹ kí ẹ̀rọ lè máa tẹ̀ lé wọn. Ìwé ti ìṣáájú ń ṣèlérí ìgbàlà, ti ìkejì ń ṣèlérí iṣẹ́ tí a ó fi máa jẹun. Àwọn kan a máa wí pé ìwé ẹ̀sìn tí ó bá ti bá ìgbàgbọ́ àwọn mu ti wúlò. Àwọn mìíràn a wí pé ìwé kọ̀ǹpútà tí ó bá ti jẹ́ tuntun ti wúlò. Ìtàn ọkùnrin méjì, ọ̀kan ní ilẹ̀ Ítálì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ọwọ́ kan di ẹ̀sìn mú tí wọ́n sì fi ọwọ́ kejì di kọ̀ǹpútà mú, fi hàn gbangba pé òṣùwọ̀n méjèèjì yìí kò péye.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó yẹ kí a rántí pé láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń wá ọ̀nà láti yẹ ìwé mímọ́ wò ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Dòmíníkì ní ìlú Paris, lábẹ́ ìdarí Hugh ti Saint-Cher, ṣe ìwé atọ́ka fún àwọn ọ̀rọ̀ inú Bíbélì èdè Látìn. Ní ọdún 1737, Alexander Cruden tẹ irú rẹ̀ jáde fún Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé atọ́ka kì í wàásù, kì í sì í gbani níyànjú. Ohun tí ó ń sọ kò ju ibi tí a ti lè rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ní in lọ́wọ́ lè yẹ ọ̀rọ̀ oníwàásù wò kí ó tó ṣe àmín.

Roberto Busa, àlùfáà ẹgbẹ́ Jésúítì tí a bí ní ìlú Vicenza ní ọdún 1913, ni ó mú iṣẹ́ yìí dé ìdí ẹ̀rọ. Nígbà tí ó ń ṣe ìwádìí fún oyè dókítà, ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni èrò Thomas Aquinas nípa wíwà Ọlọ́run láàárín ẹ̀dá. Ó kọ́kọ́ wá àwọn ọ̀rọ̀ Látìn ńláńlá tí ó dúró fún èrò náà, ṣùgbọ́n ó rí i pé inú ọ̀rọ̀ kékeré kan, “in”, tí ó jọ “ní” àti “nínú” ti èdè Yorùbá, ni ẹ̀kọ́ náà fara pamọ́ sí. Ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ kọ káàdì 10,000 nítorí ọ̀rọ̀ kan yìí ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọ̀rọ̀ Aquinas yóò kú kí ó tó parí rẹ̀.

Ní ọdún 1949, ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì lọ bá Thomas Watson, olórí ilé-iṣẹ́ IBM, pé kí ó ran òun lọ́wọ́. Watson gbà. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ tí ń lo káàdì tí a lu ihò sí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń lu ihò náà jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin ní ìlú Gallarate. Ó gbà tó ọgbọ̀n ọdún kí èso rẹ̀ tó jáde tán: ìwé 56 tí a ń pè ní Index Thomisticus, tí a tẹ̀ láàárín ọdún 1974 sí 1980. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 10 lọ. Kò sí ẹni tí yóò mú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá jẹ́ pé dídùn tàbí ìtùnú ni a fi ń díwọ̀n ìwé ẹ̀sìn, inú àgbá ìdọ̀tí ni ìwé Busa ìbá wà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ó ti jáde, kò sí olùkọ́, bí ó ti wù kí ó lókìkí tó, tí yóò wí pé “Aquinas sọ báyìí” tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní lè ṣí ìwé láti wá ibi tí ó ti sọ ọ́. Ìwúlò ìwé náà kò ju èyí lọ, ó sì pọ̀ tó.

Ẹnì kejì ni Donald Knuth. Ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà ni a ti bí i ní ọdún 1938. Olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Lútérà ni bàbá rẹ̀, ọmọ náà kò sì kúrò nínú ìjọ náà. Ní ọdún 1962, nígbà tí kò tí ì gba oyè dókítà, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ ìwé kan nípa bí a ti ń túmọ̀ èdè tí ènìyàn fi ń kọ ètò sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Ìwé kan yìí di púpọ̀. Apá kìíní The Art of Computer Programming jáde ní ọdún 1968, èkejì ní 1969, ẹ̀kẹta ní 1973. Apá kẹrin pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti pín in: ìdá kan jáde ní 2011, òmíràn ní 2022.

Ẹni tí ó bá fi ìtuntun díwọ̀n ìwé yóò kọ ìwé Knuth sílẹ̀ ní kíá. Àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀ kò sí ní èdè tí ó gbòde nígbà náà. Èdè ẹ̀rọ kan tí ó ń jẹ́ MIX ni ó fi kọ wọ́n, ẹ̀rọ tí a kò ṣe rí, tí Knuth fúnra rẹ̀ rò jáde láti inú ọkàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí èyí bí àṣejù. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bí òun bá tẹ̀ lé èdè tí ó gbòde, ìgbàkígbà tí èdè náà bá ti gbó ni òun yóò tún máa kọ ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún. Ní òtítọ́, MIX náà di ògbólógbòó, Knuth sì fi MMIX rọ́pò rẹ̀ nínú ìwé kékeré kan tí ó jáde ní 2005. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà tí ó kọ́ ni láti to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, láti wá nǹkan rí, àti láti mọ iye ìgbésẹ̀ tí ẹ̀rọ yóò gbé, kò gbó.

Ohun mìíràn wà tí ó mú ìwé náà yàtọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni ìbéèrè wà, nọ́ńbà sì wà lára ìbéèrè kọ̀ọ̀kan láti 00 títí dé 50. Èyí tí ó ní 00 kò gba ìrònú rárá. Èyí tí ó ní 50 jẹ́ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn kò tí ì rí ojútùú rẹ̀. Nípa báyìí òǹkàwé mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé, ó sì mọ ibi tí ìmọ̀ ayé dé. Lékè èyí, Knuth kéde pé ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá rí àṣìṣe kan nínú ìwé òun yóò gba ẹ̀bùn dọ́là 2.56. Sọ̀wédowó ni ó ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2008, nígbà tí àwọn olè ń fi sọ̀wédowó jí owó, ó yí i padà sí ìwé ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gba ti ìṣáájú kò sì gbà á sí owó rí, ara ògiri ni wọ́n fi kọ́.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibi yìí gan-an ni ìwé rere àti ìwé búburú ti ń yà kúrò lára ara wọn. Ìwé ẹ̀sìn kan wà tí ó ń ṣèlérí ọrọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìwé kọ̀ǹpútà kan wà tí ó ń ṣèlérí ìmọ̀ pípé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí ọrọ̀ kò bá dé, ìwé ti ìṣáájú yóò ní ìgbàgbọ́ òǹkàwé ni kò tó. Bí ètò kò bá ṣiṣẹ́, ìwé ti ìkejì yóò ní òǹkàwé ni kò fọkàn sí i. Nínú méjèèjì, òǹkàwé ni ó máa ń jẹ̀bi, ìwé kì í jẹ̀bi láé. Ọmọ tálákà tí ó fi owó oúnjẹ rẹ̀ ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ pàdánù lẹ́ẹ̀mejì: ó pàdánù owó, ó sì gbà pé olórí òfìfo ni òun. Knuth yí ọ̀rọ̀ náà po. Bí nǹkan kò bá tọ́, ìwé ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹni tí ó bá sì ká ìwé mọ́ ibi àṣìṣe ni ó gba ẹ̀bùn.

Ọ̀gbẹ́ni yìí kò fi ìwà yẹn sílẹ̀ nígbà tí ó wọ inú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Nínú apá kejì ìwé rẹ̀, odidi orí kan dá lórí àwọn nọ́ńbà tí ń jáde bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ kèké. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àpò ìrẹsì ti rí kò ní láti ka gbogbo rẹ̀. Bí ó bá bu ẹ̀kúnwọ́ láìṣe ojúsàájú, yóò mọ púpọ̀. Ó wá bi ara rẹ̀ pé ṣé a lè bu Bíbélì wò bẹ́ẹ̀. Ó mú orí 3, ẹsẹ 16, nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí orí kẹta kò bá tó ẹsẹ 16, a ó ka á lọ sí orí kẹrin: Jónà orí 3 kò ní ju ẹsẹ 10 lọ, nítorí náà orí 4 ẹsẹ 6, níbi tí Ọlọ́run ti mú ewéko hù láti ṣíji bo Jónà, ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìwé méje kò gùn tó: Ọbadáyà, Hágáì, Fílémónì, Jòhánù kejì àti ẹ̀kẹta, Júúdà, àti Títù tí ó fi ẹsẹ kan ṣoṣo kùnà. Ó ku 59. Ó kọ́kọ́ lo ọ̀nà yìí láàárín àwọn ará ìjọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ nípa ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ó fi oríṣiríṣi ìtumọ̀ wé ara wọn, ó sì ṣe ìtumọ̀ tirẹ̀. Hermann Zapf, ará Jámánì tí ọwọ́ rẹ̀ mọ lẹ́tà kíkọ, kó àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti ya ẹsẹ kọ̀ọ̀kan lọ́nà tí ó fani mọ́ra. Ìwé náà, 3:16, jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ní ọdún 1999 Knuth sọ àsọyé mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT. Wọ́n di ìwé ní 2001.

A lè bi í pé kí ni ìwúlò èyí. Sáàmù 4 ẹsẹ 8 kò lè gbẹnu sọ fún 150 Sáàmù, ẹni tí ó bá sì ń wá ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní kíkún kò ní rí i níbẹ̀. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníwàásù a máa padà sórí ẹsẹ tí wọ́n fẹ́ràn. Kèké kò fẹ́ràn ibì kankan. Ó gbé òǹkàwé lọ sí Náhúmù àti Sefanáyà, níbi tí kì bá tí dé fúnra rẹ̀. Bákan náà ni ìwé ńlá Knuth kò yẹ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ìṣirò inú rẹ̀ le. Nítorí náà ẹni tí ó bá ní ìwé kan wúlò gbọ́dọ̀ fi kún un pé fún ta ni, àti fún iṣẹ́ wo.

Yorùbá tí ó bá gbọ́ pé sẹ́ńtì 256 ni ẹ̀bùn Knuth yóò rántí 256 odù Ifá. Knuth kò yá a lọ́wọ́ babaláwo. Nínú ìṣirò onímẹ́rìndínlógún tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń lò, 16 lọ́nà 16 ni a ń kọ bí 100, sẹ́ńtì 256 sì di dọ́là kan. Ní ti Ifá, èso mẹ́jọ ni ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dojú dé; 2 tí a bá sọ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́jọ yóò fún wa ní 256. Ìṣirò kan náà ni ó bí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìbátan tí ó jinlẹ̀ ju ti nọ́ńbà lọ wà láàárín wọn. Tipẹ́tipẹ́ kí Wándé Abímbọ́lá tó tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní ọdún 1968, ọdún kan náà tí apá kìíní ìwé Knuth jáde, ẹnu àti etí ni àwọn babaláwo ti fi ń tọ́jú ẹsẹ Ifá. Nígbà tí babaláwo kan bá ń kì í láàárín ẹgbẹ́, àwọn yòókù ń tẹ́tí. Bí ó bá ṣi í kì, wọn a tọ́ ọ sọ́nà lójú ẹsẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Olùkọ́ tí ó dúró níwájú pẹpẹ ìwé pẹ̀lú owó díẹ̀ lọ́wọ́ lè ṣe bí Knuth ti ṣe. Kí ó mú ojú ewé kan tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn, kí ó sì kà á dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ìwé ẹ̀sìn, kí ó wò bóyá ó sọ ibi tí ó ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá, kí ó sì ṣí ibẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ ìwé kọ̀ǹpútà, kí ó tẹ ètò ojú ewé náà sínú ẹ̀rọ bí ó ti wà gẹ́lẹ́, kí ó wò bóyá yóò ṣiṣẹ́. Kí ó wá ṣí ẹ̀yìn ìwé náà, kí ó mọ̀ bóyá ìdáhùn wà fún àwọn ìbéèrè, àti bóyá òǹkọ̀wé fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá rí àṣìṣe. Iṣẹ́ wákàtí kan ni èyí, owó rẹ̀ kò sì tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.