Ọmọ tó ń jẹ oúnjẹ ẹyẹ

Ṣé ẹ mọ̀ pé kí insulin tó dé, ebi ni wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tó ní ìtọ̀ ṣúgà? Mi ò ṣeré o. Oríṣi kìíní ni mò ń sọ, èyí tó sábà máa ń mú ọmọdé. Kì í ṣe mínírà ló ń fà á, kì í ṣe bisikíìtì. Ara ọmọ fúnra ẹ̀ ló ń ba ibi tó ti ń pèsè insulin jẹ́. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ tó bá ní in kì í sábà lò ju ọdún kan sí méjì lọ. Dókítà Frederick Allen ní Amẹ́ríkà wá rí i pé tí aláìsàn bá ń jẹ oúnjẹ tín-ń-tín, ikú á sún síwájú díẹ̀. Àwọn kan ń fi 400 kálórì gbé ọjọ́ kan. Ẹ̀fọ́ pàápàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń sè é, tí wọ́n á da omi ẹ̀ nù, kí ìwọ̀nba ṣúgà inú ẹ̀ lè bá omi lọ.

Ọmọkùnrin ọdún 12 kan wà lọ́dọ̀ Allen. Àìsàn náà ti fọ́ ọ lójú. Ṣúgà ṣáà ń yọ nínú ìtọ̀ ẹ̀, àwọn dókítà ò sì mọ ibi tó ń gbà wọlé, torí ta ló máa rò pé ọmọ tí ò ríran, tí ò lágbára, lè jí nǹkan jẹ? Àṣé ọṣẹ ìfọyín ló ń jẹ. Ó tún ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní ẹyẹ kékeré kan kóun máa fi ṣeré. Oúnjẹ inú àgò ẹyẹ yẹn ló ń jẹ! Allen kọ ọ́ sínú ìwé tó ṣe ní 1919, bí ẹni tó ń kọ ìròyìn olè ní àgọ́ ọlọ́pàá: ó sẹ́, ó sẹ́, nígbà tó yá ó jẹ́wọ́. Ebi ló pa ọmọ náà gbẹ̀yìn.

Ní oṣù kìíní 1922, ní Toronto, wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní insulin. Nínú oṣù kẹjọ, Elizabeth Hughes dé ọ̀dọ̀ Dókítà Banting níbẹ̀. Bàbá ẹ̀ ni mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Ọmọ náà ń lọ sí ọdún 15, àmọ́ kò wọ̀n ju nǹkan bíi kílò 20 lọ. Ọdún mẹ́ta ló ti fi fara da ebi Allen. Insulin gbé e dìde: ó lọ yunifásítì, ó lọ́kọ, ó bímọ, 1981 ló tó kú. Abẹ́rẹ́ tó gún láyé ẹ̀ tó 42,000.

Ibi tó ká mi lára rèé. Obìnrin yìí fi àìsàn náà pamọ́ fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ò mọ̀. Kódà ó yọ gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé bàbá ẹ̀. Èrò tèmi ni o: ọmọ tí wọ́n ń fi òṣùwọ̀n wọn gbogbo òkèlè ẹ̀ láti ọdún 11, ó ti mọ̀ pé ẹjọ́ ni wọ́n ń bá òun ṣe.

Ní 1995, William Polonsky àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìbéèrè 20 jáde fún àwọn tó ní àìsàn yìí. Ṣé ọkàn rẹ máa ń dá ọ lẹ́bi? Ṣé ẹ̀rù máa ń bà ọ́ pé ṣúgà rẹ máa já wálẹ̀? Ṣé ó ti sú ọ? Nǹkan báyẹn. Ọdún 73 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ Leonard.

Lónìí ẹ̀rọ wà lápá ọmọ tó ń ka ṣúgà ẹ̀ tọ̀sán-tòru, tó sì ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá ẹ̀. Ó dáa púpọ̀, ó ń gba ẹ̀mí là. Àmọ́ tí nọ́ńbà bá ti gòkè, kí la kọ́kọ́ máa ń bi í? “Kí lo jẹ?” Bẹ́ẹ̀ ìpayà, ìdánwò, òtútù, ìdàgbàsókè lásán, gbogbo ẹ̀ ló lè gbé e sókè. Ìdí nìyẹn táwọn ọ̀dọ́ kan fi ń parọ́ nọ́ńbà, tí àwọn mìíràn ń fo abẹ́rẹ́, èyí tó lè pa èèyàn láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Orúkọ tá a ń pè é náà ń ṣe mí ní kàyéfì. Ìtọ̀ ṣúgà: ohun tí wọ́n fi dá ọmọ ẹlẹ́yẹ yẹn lẹ́bi gan-an nìyẹn. Àtọ̀gbẹ táwọn àgbà ń sọ ò dárúkọ ṣúgà rárá.