Ìwé Àdéhùn Iṣẹ́ Nínú Igbó Ìjọba Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Bí ènìyàn bá mú ìwé àdéhùn tí ìjọba Amẹ́ríkà ń bá agbaṣẹ́ṣe ṣe kí ó tó la ọ̀nà tàbí kọ́ afárá nínú igbó ìjọba, gígùn ìwé náà lè sú u. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn rẹ̀ yóò rí i pé ibi tí ejò ti bu ẹnìkan jẹ ni púpọ̀ nínú àwọn gbólóhùn rẹ̀ ti wá.

Ní ọdún 1891 ni òfin kan fún ààrẹ Amẹ́ríkà ní àṣẹ láti ya igbó sọ́tọ̀ fún gbogbo ìlú. Ní 1905, a kó àwọn igbó náà sí abẹ́ ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, Gifford Pinchot sì di olórí wọn. Lónìí, wọ́n tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 193 éékà. Ilẹ̀ tí ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìní ọ̀nà, afárá àti ilé àwọn ẹ̀ṣọ́, agbaṣẹ́ṣe ni ìjọba sì ń gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí fún.

Ẹni tí ó bá kọ́ ilé fún aládàáni, tí a kò sì san owó rẹ̀, lè fi òfin gbẹ́sẹ̀ lé ilé náà. Ta ni yóò gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní ìjọba? Bí agbaṣẹ́ṣe bá gba owó tán tí ó sá lọ, káfíńtà tí ó ti làágùn àti oníṣòwò tí ó ta símẹ́ńtì fún un láwìn, ọwọ́ òfo ni wọn yóò gbé relé. Nítorí èyí ni òfin 1894 ṣe pàṣẹ pé kí agbaṣẹ́ṣe mú onígbọ̀wọ́ wá. Síbẹ̀, ìgbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni ó wà fún ìjọba àti òṣìṣẹ́, nígbà tí ó sì yá, ìjọba ni ó ń kọ́kọ́ bu tirẹ̀. Òfin Miller ti 1935 ni ó pín in sí méjì: ọ̀kan pé iṣẹ́ yóò parí, èkejì pé a ó san owó òṣìṣẹ́ àti ti ohun èlò.

Ọ̀ràn owó ọ̀yà ni ó tẹ̀lé e. Agbaṣẹ́ṣe kan láti Alabama kó òṣìṣẹ́ tirẹ̀ wá fún iṣẹ́ ìjọba ní New York, ní owó pọ́ọ́kú. Aṣòfin ibẹ̀, Robert Bacon, gbé àbá kalẹ̀ ní 1927, ó sì di òfin ní 1931, pé iye tí wọ́n ń san ní agbègbè iṣẹ́ ni kí a san. Àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lu òfin yìí, nítorí pé ó dí ọ̀nà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kò gbà wọlé. Ní 1934, òfin mìíràn sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ipá gba apá kan owó òṣìṣẹ́ padà lẹ́yìn tí a ti san án.

Ẹ̀kẹta ni àpáta tí ó fara pamọ́. Láyé àtijọ́, agbaṣẹ́ṣe tí ó bá àpáta pàdé lábẹ́ ilẹ̀ ni yóò dá ru ẹrù rẹ̀. Nítorí ìbẹ̀rù, àwọn ọlọ́gbọ́n a fi owó lé iye tí wọ́n ń bèèrè, ìjọba a sì san owó àpáta tí kò sí níbẹ̀. Láti 1926 ni ìwé àdéhùn ìjọba ti ń sọ pé, bí ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí tí ìwé fi hàn, a ó tún iye owó náà ṣe. Ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ tètè kọ̀wé sí aṣojú ìjọba, kí ó tó fọwọ́ kan ibẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ má ṣe fò kọjá lórí gbólóhùn tí ó dàbí àsọtúnsọ. Kí ó bèèrè pé: ta ni a ṣẹ̀ kí èyí tó wọ inú ìwé, ta ni ìyà yóò sì tún jẹ bí a bá yọ ọ́ kúrò?