Ìtọ́jú ìmọ̀lára ọmọdé

Ìtọ́jú ìmọ̀lára ọmọdé ni ọ̀nà tí òbí ń gbà ran ọmọ lọ́wọ́ láti mọ ohun tó ń ṣe é nínú, kí ó sọ ọ́ jáde, kí ó sì lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu. Láwùjọ Yorùbá, ìbáwí àti ìfẹ́ ló jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí: bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Oríkì ni àwọn ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò rẹ̀ pọ̀ jùlọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ọ̀pọ̀ òbí láti Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò ń jáde ní ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Bí wọ́n bá fi máa dé, oorun ti ń kun ọmọ. Ìbáwí a ráyè, ìfàmọ́ra kò ní ráyè.

Ọmọ tó ń jowú àbúrò rẹ̀ tuntun, fún àpẹẹrẹ, lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní. Ẹgba kò lè wo èyí sàn. Ohun tó ń ṣèrànwọ́ ni kí òbí fọwọ́ sí i pé inú ń bí i, kí ó sì ya àsìkò díẹ̀ sọ́tọ̀ fún òun nìkan lójoojúmọ́.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di òfin tirẹ̀ ní ọdún 2007, ka ìpalára sí ara àti ìmọ̀lára ọmọ léèwọ̀.