Àrùn tí kò sẹ́ni tó gbà pé tòun ni
Admin yín ni. Ẹnìkan ní lánàá pé àwọn obìnrin ìlú tí a ti ń tajà yìí ló ń kó àrùn ràn wá. Mo rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ yẹn ti lé ní 500 ọdún.

Ní 1495, ọmọ ogun ọba Faransé wà ní Naples, ní Ítálì. Sójà tí wọ́n fowó háyà láti ilẹ̀ oríṣiríṣi pọ̀ nínú wọn. Rẹ́kórẹ́kó, tí dókítà ń pè ní sífílíìsì, bẹ́ sílẹ̀. Ogun tán, kálukú gbé e relé. Ítálì ní àrùn Faransé ni. Faransé ní àrùn Naples ni. Rọ́ṣíà ní ti àwọn ará Poland ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ràn o. Egbò á yọ lójú ara, kì í sábà dun èèyàn, á sì jinná fúnra ẹ̀. Ọkùnrin á ní ó ti tán. Irọ́ ni, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀! Ó délé fún Iléyá, ó kó o ran ìyàwó, ìyàwó kó o ran ọmọ inú.

Láti 1943 ni pẹnisílìnì ti ń wò ó sàn, ṣùgbọ́n tọkọtaya ló gbọ́dọ̀ gbàtọ́jú o. Èmi ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi wò ní Mọ́ńdè, kí n tó wọkọ̀ lọ sílé.