Asọ̀rọ̀gbèsì: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Iṣẹ́ Orí Ìkànnì Ayélujára

Nígbà tí rédíò dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò wo irin inú rẹ̀. Ìwà rẹ̀ ni wọ́n wò: ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Tẹlifíṣàn dé Ìbàdàn ní 1959, òun náà di amóhùnmáwòrán, nítorí ohun tó ń ṣe. Ọgbọ́n yìí ni mo fẹ́ kí a mú lọ síbi ìwé tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń wá iṣẹ́ orí Facebook, Instagram àti TikTok.

Ìyìn-Èkìtì, ìlú wa, kò jìnnà sí Adó-Èkìtì. Ẹni tó bá ń lọ sí Ìgèdè á gba àárín rẹ̀ kọjá. Yunifásítì àti Pólì wà nítòsí, àwọn ọmọ wa sì ń jáde lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣe iṣẹ́ ìkànnì kí wọ́n tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni: wọ́n ń bá aránṣọ gbé àwòrán síta, wọ́n ń bá ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ ìlú kọ̀wé sójú òpó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó láti kọ ìwé ìwáṣẹ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní síífí (CV), Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá ni wọn yóò tò síbẹ̀, a ò sì ní mọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an.

Kí ni ká pe ìwé náà? Àwọn kan ń pè é ní ìwé ìtàn ìgbésí ayé. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìtàn ìgbésí ayé ni à ń kà níbi ìsìnkú àgbàlagbà. Agbanisíṣẹ́ kò béèrè ìyẹn. Oríkì náà kọ́, nítorí ẹlòmíì ló ń kini. Ìwé ìrírí iṣẹ́ ló tẹ́ mi lọ́rùn. Gbogbo ẹni tó ṣe Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ ló mọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀, tí lẹ́tà ìwáṣẹ́ wà lára rẹ̀. Ìwé ìrírí iṣẹ́ yóò tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, ojú òpó kò ní wàhálà. Àwọn oníròyìn Yorùbá ń lò ó, BBC Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 sì wà lára wọn. Fọ́lówà ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká pè é ní ọmọ ẹ̀yìn, Bíbélì ti gba ìyẹn. Olùtẹ̀lé tó.

Ibi tí iye wà ni ọ̀rọ̀ ti ń díjú. Bí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan bá gbé fídíò síta, tí ẹnì kan ní Adó wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ènìyàn kan ló rí i, ìgbà mẹ́ta ló hàn. Iye tó rí i àti iye ìgbà tó hàn: ohun méjì ni, Yorùbá sì yà wọ́n sọ́tọ̀ láìlo ọ̀rọ̀ tuntun kankan. Ẹni tó bá kọ èyí tó pọ̀ jù láìsọ èyí tó jẹ́, agbanisíṣẹ́ tó mọṣẹ́ yóò bi í léèrè.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní ìbáṣepọ̀ láàárín ojú òpó àti àwọn tó ń wò ó. Ìbáṣepọ̀ fẹ̀ jù. Orílẹ̀-èdè méjì ń ní i, tọkọtaya ń ní i. Ẹ jẹ́ ká padà sí orúkọ rédíò. Ohun tí asọ̀rọ̀mágbèsì kò ní ni ìkànnì ayélujára ní. Asọ̀rọ̀gbèsì ni. Ẹni tó tẹ àmì ọkàn, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹni tó pín in fún ẹlòmíì, èsì ni gbogbo wọn mú wá. Bí 500 ènìyàn bá rí nǹkan, tí 40 fèsì, ìwọ̀n èsì jẹ́ 8 nínú 100. Ẹni tí kò bá kọ èsì sínú ìwé rẹ̀, tó kàn ka iye ìgbà tó gbé nǹkan síta, iṣẹ́ rédíò ló ń sọ pé òun ṣe.

Àbúrò kan mú ìwé ìrírí iṣẹ́ tirẹ̀ wá fún mi. Ohun tó kọ ní Gẹ̀ẹ́sì kò ju pé òun jẹ́ alábòójútó ìkànnì fún ilé oúnjẹ kan. Mo ní kó sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá.

“Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo máa ń ya fọ́tò iyán àti ọbẹ̀ láràárọ̀. Bí wọ́n bá béèrè iye, mo máa ń dá wọn lóhùn kí ọ̀sán tó pọ́n.”

“Ta ló ń rà á?”

“Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba l'Adó ni, sà. WhatsApp ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ pé ká gbé e wá sí ọ́fíìsì.”

“Ohun tí o sọ yẹn ni kí o kọ, kí o sì fi iye abọ́ tí ẹ ń tà kún un.”

Gẹ̀ẹ́sì náà ló máa fi ránṣẹ́ níkẹyìn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti fipá mú un sọ ẹni tó ṣe é, ohun tó ṣe, àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló yẹ ká túmọ̀. Àwọn onímọ̀ èdè wa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe, síbẹ̀ wọ́n fi sílébù àti fóníìmù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí fídíò, dáta àti fóònù náà wà bẹ́ẹ̀. Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ tó mọ níwọ̀n fún ni ètò inú ìkànnì tó ń yan ohun tí olúkúlùkù yóò rí. Aṣàyàn ni mo ń pè é lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú, kó jọ̀wọ́ mú un wá.